Igi masquerade àbí igi fúrúùtù (almond), èwo ni kẹ́ ẹ gbìn síwájú ilé?

Àwọn tó ń kọ́lé sí Ìkòròdú níbí ò yéé bi mí o. Masquerade, òkè tààrà ló ń lọ, ẹ̀ka ẹ̀ á máa wọ́ wálẹ̀ bí aṣọ eégún, ẹ lè tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì kó má dí mọ́tò lọ́wọ́. Fúrúùtù, ẹ̀gbẹ́ ló ń nà sí, ìpele-ìpele, ibòji ẹ̀ tutù gan-an, àwọn ọmọdé á tún rí èso jẹ, àmọ́ ewé ẹ̀ máa ń pọ́n, á wá já bọ́, ẹ máa gbálẹ̀ ṣáá ni.

Ọ̀rọ̀ gígé gan-an ló wà níbẹ̀. Masquerade ò ní wàhálà, ẹ ṣáà má bẹ́ orí ẹ̀, torí orí méjì mẹ́ta ló máa hù padà, ìdúró tó wuyì yẹn á bàjẹ́. Ti fúrúùtù, àtikékeré ni kẹ́ ẹ ti máa gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀, èyí tó bá ti nípọn, ẹ kọ́kọ́ fi ayùn rẹ́ abẹ́ ẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e látòkè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwúwo ẹ̀ á fa èèpo ya wọ ara igi. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, èèpo igi tèmi ya wálẹ̀ kọjá ibi tí orúnkún mi ga dé, ó dùn mí gan-an.

Tó bá jẹ́ ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì lẹ ní, masquerade ló máa gbà yín, àfi tí wáyà iná bá gba òkè ibẹ̀ kọjá. Tí àgbàlá bá fẹ̀, tẹ́ ẹ sì ń wá ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí lọ́sàn-án, ẹ gbin fúrúùtù, kó jìnnà sí sọkawéè àti intalọ́ọ̀kì.