Ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí kì í ṣe ti ìjọ kankan: ohun tí ojú mi rí

Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ìgbìmọ̀ ìjọ mi dúpẹ́ pé mo lọ kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n wá ní àwọn kò lè tìtorí ìwé ẹ̀rí yìí yà mí sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ òjíṣẹ́, torí pé ilé ẹ̀kọ́ tó fún mi kò sí lára àwọn tí ìjọ wa mọ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ti ibi iṣẹ́ gba ibẹ̀ lọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Orí ìdúró ni mo ti kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà, mo tún jókòó kà á. Òun ló mú mi kọ èyí.

Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá ti wá irú rẹ̀ rí á ti mọ bó ṣe ń rí: kò sí ilé ibùgbé, ẹ ò ní fi iṣẹ́ àti ọmọ sílẹ̀, ẹ ó máa ka ìwé nílé, ìjọ yòówù kí ẹ ti wá, wọ́n á gbà yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ́fíìsì ná, kó lè kúrò lọ́kàn mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé kan tó ń kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sí, tí òjíṣẹ́ tó ń bójú tó o á sì máa buwọ́ lù. Òfin wọn ni pé o ò gbọ́dọ̀ sìn lábẹ́ ìjọ tìrẹ. Èmi Onítẹ̀bọmi, ọ̀dọ̀ àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì kan ni wọ́n fi mí sí, pé kí n máa bẹ àwọn aláìsàn wò. Ìbẹ̀wò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ṣe, pẹ̀lú ìbuwọ́lù mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo lọ fi ìwé náà jíṣẹ́, akọ̀wé gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ò ní kọ nǹkan kan fún mi pé ẹ ti gbà á?"

Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò síbi tó ń lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri. Iwájú orúkọ tèmi, wọ́n kọ ọ́ pé: kò tíì mú un wá. Mo padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Ó ní èmi ni mi ò mú un wá. Mo nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní ibẹ̀ yẹn lẹ gbé e sí lójú mi. Kò yí àga rẹ̀ padà láti wò ó. Ó ní kí n lọ tún un ṣe. Nínú àwọn tí mo bẹ̀ wò, méjì ti kú. Mo bi í pé, "Mà, báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ tún bẹ òkú wò?" Ó ní òun kọ́ ló ṣòfin.

Tísà wa ló gbà mí sílẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, kò kọ lẹ́tà. Ó wọ ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ kejì, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní wákàtí kan kó tó rí i, lábẹ́ ìwé kíláàsì mìíràn. Ẹnì kan ti gbé ife tíì lé e, àmì ife náà rí roboto lórí èèpo rẹ̀ títí dòní. Ó gbọn eruku ara ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ rìsíìtì fún un báyìí, kí n tó jáde." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fún gbogbo èèyàn ní rìsíìtì.

Tí mo bá ti dárúkọ ọkùnrin yẹn, inú tó ń bí mi á wálẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ó ya ọgbà onígi kan, irú èyí tí wọ́n fi ń sé ilẹ̀ mọ́, sójú pátákó. Ted Ward, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi ọgbà ṣàpèjúwe irú ìdálẹ́kọ̀ọ́ yìí. Igi méjì ló dábùú: ìwé tí à ń kà nílé ni tòkè, iṣẹ́ tí à ń ṣe láàárín àwọn èèyàn ni tìsàlẹ̀. Ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni òpó tó di méjèèjì mú. Igi òkè tiwa kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìwé náà gbẹ, ìbéèrè inú rẹ̀ kò ju kí èèyàn dí àlàfo lọ. Àmọ́ òpó yẹn, ó dúró ṣinṣin.

Ọ̀sẹ̀ tí a dé orí ìrìbọmi ni mi ò lè gbàgbé. Tísà ti fún wa ní ìwé àdéhùn tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Lágbàáyé fọwọ́ sí ní Lima, ní orílẹ̀-èdè Peru, ní 1982. Ìwé náà ní ìrìbọmi kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àti pé kí ìjọ yẹra fún ohunkóhun tó bá lè jọ àtúnrìbọmi. Ìjà ni mo bá wá. Nínú ìjọ wa, ẹni tí wọ́n wọ́n omi sí lórí ní ìkókó, tó bá fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ wa, a máa ń tẹ̀ ẹ́ bọmi ni. A kì í pè é ní ẹ̀ẹ̀kejì, torí a kò ka ti àkọ́kọ́ sí.

Tísà ní ká pààrọ̀ àga. "Onítẹ̀bọmi, ẹ wá gbèjà ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Àńgílíkà, ẹ gbèjà ti onígbàgbọ́. Ẹ ó máa sọ ọ́ títí ẹni tó ni ín á fi sọ pé, òun nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, Lìdíà àti ará ilé rẹ̀, onítúbú àti gbogbo àwọn tirẹ̀. Bàbá Àńgílíkà tó kọjú sí mi mirí. "Ìyẹn kọ́ la gbà gbọ́." Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó tún mirí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pa Bíbélì dé. Mo ní, kí ọmọ tó mọ ẹni tó bí i, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ti ń gbé e kiri. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló máa ń kọ́kọ́ dé, ìgbàgbọ́ á wá dá a lóhùn. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Òun nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni màmá kan tó jókòó nígun sọ̀rọ̀. Ìkókó ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un. Nígbà tó lọ́kọ, ìjọ bíi tiwa lọkọ rẹ̀ ń lọ, wọ́n sì tún tẹ̀ ẹ́ bọmi. Ó ní, "Mo gbà nítorí àlàáfíà ilé. Ṣùgbọ́n ìyá mi dúró létí omi níbẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ ohun tí òun ṣe fún mi nù."

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, díákónì ni mí, mo ti dúró nínú omi di ọwọ́ irú wọn mú, wọn kì í ṣe ẹyọ ẹnì kan. Mo ṣì gbà pé onígbàgbọ́ ló yẹ kó rìbọmi. Àmọ́ mi ò lè sọ ọ́ mọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì sí sémínárì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ òjíṣẹ́, ti ìjọ wa tí ì bá mú mi jókòó síwájú màmá yẹn.

Ohun tó wá ń dùn mí jù nìyí. Ní 1963, nígbà tí sémínárì ìjọ Presbyterian ní Guatemala, orílẹ̀-èdè kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí, tí àwọn olùkọ́ ń lọ bá àwọn aṣáájú ìjọ níbi tí wọ́n ń gbé, ìjọ kan náà ló ń kọ́ wọn, òun náà ló máa gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1960, níbi tí àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà lábẹ́ Ìjọ Àńgílíkà: bíṣọ́ọ̀bù ti ń dúró dè wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ tiwa mú ọ̀nà ìkọ́ni yẹn, ó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ìjọ, ó sì dára. Ta ló wá fẹ́ gbọ́wọ́ lé wa lórí?

Mo béèrè o. Lọ́jọ́ tí mo gba fọ́ọ̀mù, akọ̀wé kan náà ni mo bi pé ṣé ìjọ mi á gba ìwé ẹ̀rí yín. Ó ní, "Gbogbo ìjọ ló ń gbà á." Nígbà tí lẹ́tà dé, mo gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní àwọn kò ṣèlérí ìyàsọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó ṣí ìwé ìlànà sí ojú ewé kẹrìnlá hàn mí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní lẹ́tà wíńtíwíńtí. Ó kọ lẹ́tà olójú-ewé méjì sí ìgbìmọ̀ ìjọ mi níṣojú mi, ó sì gbóríyìn fún mi débi pé ojú tì mí. Wọn ò tíì fèsì.

Mo fún wọn ní 2 nínú 5. Títí wọ́n á fi gbé ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹrìnlá wá sí orí fọ́ọ̀mù, mi ò ní fi ẹyọ kan kún un.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kẹta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀, orí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni, wọ́n sì ti ní ẹ̀gbẹ́ àwọn Lútérán ni kí n jókòó sí.