Àwọn tó wà nídìí oògùn ọ̀fẹ́ fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀
Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Ọ̀fà, ń jẹ àǹfààní The Max Foundation, àjọ tí Pat Garcia-Gonzalez wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa Max, ọmọ ọkọ rẹ̀, ní ọmọ ọdún 17. Láti ọdún 2003 ni aláìsàn ti ń tipasẹ̀ àjọ yìí rí imatinib, oògùn oníhóró fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí mo yìn jù ni pé nọ́ọ̀sì máa ń ka hóró tó ṣẹ́kù nínú ìgò ẹ̀gbọ́n mi kó tó fún wọn ní òmíràn, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó. Owó ọkọ̀ nìkan (ọ̀fẹ́ kò kàn án) ló ń ni wá lára.