Dongle Wi-Fi AC600 tí chip RTL8821CU wà nínú rẹ̀: ẹ wo kernel yín kí ẹ tó sanwó

Dongle kékeré aláìlórúkọ yìí, èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú USB kí kọ̀ǹpútà lè rí Wi-Fi lò, pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ìlọrin, láti Challenge títí dé Tanké. Àwọn tó ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí Wi-Fi inú rẹ̀ ti kú ló ń rà á jù. Lórí Windows, kì í sábà yọni lẹ́nu. Àwọn tó ń lo Linux ló ń dá a padà fún olùtajà pé ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kernel wọn, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ohun èlò kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí 600 tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín. 150 Mbps ti 2.4 GHz ni wọ́n rò pọ̀ mọ́ 433 Mbps ti 5 GHz, kò sì lè lo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, 5 GHz yẹn nìkan tó ìdí láti rà á fún ẹni tó ń gbé Tanké, níbi tí yàrá kọ̀ọ̀kan ti ní MiFi tirẹ̀ tí gbogbo wọn sì ń du channel 1, 6 àti 11, mẹ́ta péré tí kì í gun ara wọn ní 2.4 GHz. Ẹ kàn má retí pé yóò gba ògiri búlọ́ọ̀kù méjì kọjá. Eríàlì inú rẹ̀ kéré jù.

Bí ẹ bá kì í bọ láptọ́ọ̀pù tó ń lo Linux, kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó máa ń kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ ní CD. Dráífà Windows, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá dongle náà ṣiṣẹ́, ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ `lsusb`, àṣẹ tó ń to ohun tó wà lójú USB, tí ẹ rí `0bda:1a2b`, CD lẹ ń wò yẹn, kì í ṣe Wi-Fi. Àṣẹ tó ń yí i padà nìyí:

`sudo usb_modeswitch -KW -v 0bda -p 1a2b`

Lẹ́yìn náà ẹ tún `lsusb` tẹ̀. `0bda:c811` ló yẹ kó jáde, tàbí `0bda:c820` bí ó bá jẹ́ èyí tó ní Bluetooth. Kí ó má baà di iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ kọ ìlà kan sínú fáìlì kan ní `/etc/udev/rules.d/` tí yóò máa pe àṣẹ yẹn fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí `1a2b` bá yọjú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń há sí ni kernel. Ẹ tẹ `uname -r` kí ẹ rí nọ́ńbà tiyín. Dráífà rtw88 tó wà nínú kernel fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí í gba chip yìí lórí USB àfi láti 6.2, tó jáde ní 2023. Debian 12 ń lo 6.1, ó kù díẹ̀ káàtó. Ubuntu 22.04 àti Mint 21 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5.15, àwọn náà kò dé ibẹ̀. Ubuntu 24.04 àti Mint 22 ní 6.8. Kódà 6.2 yẹn kò tíì gún régé: àtúnṣe sí bí firmware (ètò tí chip fúnra rẹ̀ ń lò) ṣe ń wọ inú chip náà àti bí ó ṣe ń so mọ́ router ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní 2024 ni. Bí ẹ bá ń rí `failed to download firmware` nínú `sudo dmesg`, àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ, ẹ gbé kernel yín sókè kí ẹ tó fi kan olùtajà.

Lórí Ubuntu 22.04, `sudo apt install linux-generic-hwe-22.04` ti tó. Lórí Debian 12, ẹ fi bookworm-backports, àkójọ ètò tó tuntun ju ti Debian 12 lọ, kún ibi tí apt ti ń kó nǹkan, kí ẹ wá tẹ `sudo apt install -t bookworm-backports linux-image-amd64`. Ẹ ó bi mí pé níbo ni íntánẹ́ẹ̀tì yóò ti wá nígbà tí Wi-Fi kò ṣiṣẹ́. Okùn tí ẹ fi ń ṣáájì fóònù ni. Ẹ fi so fóònù Android mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tan USB tethering; dráífà rẹ̀, `rndis_host`, ti wà nínú kernel tipẹ́tipẹ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ kó dráífà láti ìta, kí ẹ fi DKMS, ètò tó ń tún dráífà kọ́ nígbàkigbà tí kernel bá yí padà, kọ́ ọ fúnra yín. A kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bí kernel yín bá ti kọjá 6.8. Kernel lè yí padà lọ́la, kí dráífà yẹn sì kọ̀ láti kọ́. Bí Secure Boot, ààbò tó ń kọ dráífà tí a kò fọwọ́ sí, bá wà ní títàn, `Key was rejected by service` lẹ ó máa rí títí ẹ ó fi fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ MOK, kọ́kọ́rọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti kó o tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́, torí bí `8821cu` àti `rtw88_8821cu` bá jọ wà nínú `lsmod`, àkójọ dráífà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á máa jà sí dongle kan ṣoṣo.

Bí `rtw8821c_fw.bin failed with error -2` bá jáde, fáìlì firmware ni kò sí níbẹ̀: `firmware-realtek` ni ti Debian, `linux-firmware` ni ti Ubuntu. `error -71` ní tirẹ̀ kì í ṣe ti dráífà. Ojú USB tàbí hub olówó pọ́ọ́kú ló sábà ń fà á. Ẹ ki dongle náà bọ ara láptọ́ọ̀pù tààrà. Bí ó bá ń já lẹ́yìn tí ẹ ti jáwọ́ lára láptọ́ọ̀pù fúngbà díẹ̀, ẹ kọ `wifi.powersave = 2` sábẹ́ `[connection]` nínú fáìlì kan ní `/etc/NetworkManager/conf.d/`, kí ẹ tún NetworkManager bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó di dandan fún láti dúró sórí kernel àtijọ́, kó wá èyí tó ní chip MT7612U. Ó ti wà nínú kernel láti 4.19. Ó wọ́n ju èyí lọ dáadáa, kò sì wọ́pọ̀ ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà. Bóyá kí ẹ ránṣẹ́ sí Ìkẹjà.

Páálí kan náà lè ní chip ọ̀tọ̀ nínú, nítorí náà ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi wò," ẹ tẹ `lsusb`, ẹ wo nọ́ńbà. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé e náà ń tà á.