Awò ìbọn tí mo rà ní Adó-Èkìtì, àti bàbá tí ó gbà mí lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún mi

Ohun tí ó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni gbólóhùn kan tí ọ̀dọ́kùnrin kan sọ sí mi lójú àwọn oníbàárà mìíràn, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Adó-Èkìtì tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọdẹ, tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ tí a fi ń fín kòkó. Mo gbé awò ìbọn tí wọ́n tà fún mi padà wá, ìyẹn awò gígùn tí a ń dè sórí ìbọn láti fa ohun tí a fẹ́ yìn súnmọ́ ojú, nítorí pé àmì àgbélébùú inú rẹ̀, èyí tí a ń gbé lé ohun tí a fẹ́ yìn, ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ náà kò tíì ṣí páálí rẹ̀ tí ó fi ní: “Dádì, ojú yín ni kí ẹ lọ tọ́jú, kì í ṣe awò.” Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kì í ṣe bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ní kí ó máa pè mí ní Dádì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀. Oko kòkó mi wà lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ọ̀kẹ́rẹ́ ni kò sì jẹ́ kí n jẹ èrè rẹ̀. Nígbà tí kòkó bá ti ń pọ́n, wọn a dá èso lu lórí igi, wọn a fa omi dídùn tí ó wà lára hóró mu, omi òjò a sì gba ojú ihò náà wọlé títí gbogbo èso yóò fi jẹrà. Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì, irú èyí tí a máa ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kí a tó ki ọta sí i, ni mo fi ń lé wọn. Ìwé àṣẹ mi pé. Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nǹkan ìṣeré ni ìbọn tí kò lo ẹ̀tù, bẹ́ẹ̀ òfin ìbọn Nàìjíríà kà á mọ́ àwọn ìbọn tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo kọ ohun tí mo fẹ́ sínú ìwé pélébé kan kí ó má baà sí àṣìgbọ́: pé ìbọn onísípíríǹgì ni, pé ibi tí mo ti ń yìn ín kì í ju mítà 15 sí 30 lọ, pé abẹ́ igi kòkó ni, níbi tí ilẹ̀ kì í mọ́ dáadáa títí di ọ̀sán, àti pé n kò wá awò tí ó tóbi. Ọmọ náà gba ìwé náà, ó ní òun ti gbọ́, ó wọlé lọ, ó sì gbé awò kan jáde tí ó gùn gan-an. Nọ́ńbà 4-16x50 wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 4 títí dé 16, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 50. Ó ní ọba gbogbo wọn nìyẹn, pé tí n bá gbé e sórí ìbọn mi, ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó wà ní Àkúrẹ́ kò ní lè sá pamọ́ fún mi. Mo béèrè bóyá ó bá ìbọn onísípíríǹgì mu. Ó ní gbogbo ìbọn ni ó bá mu. Mo béèrè bóyá ó ṣeé lò ní itòsí. Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n fi wo pátákó kan ní òdìkejì títì, mo sì rí gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ kedere. Mo sanwó.

Ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ ra awò mọ̀ nìyí: pátákó tí ó wà lókèèrè kì í fi àléébù awò hàn. Púpọ̀ nínú àwọn awò tí a ṣe fún ìbọn ọlọ́ta ńlá ni ilé iṣẹ́ ti tò láti ibẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún yáàdì, èyí tí ó jẹ́ mítà 91, kò sì sí ohun tí ẹni tí ó rà á lè yí lára wọn láti tún un tò. Ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, àwòrán ohun tí a ń wò àti àmì àgbélébùú máa ń jókòó sí ojú kan náà nínú awò. Tí nǹkan bá súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì kò ní jókòó pọ̀ mọ́, débi pé bí ìbọn kò tilẹ̀ mira, tí orí ẹni tí ó ń wò bá gbé díẹ̀, àmì náà yóò máa rìn lára ohun tí ó fẹ́ yìn. Parallax ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, kò ṣe nǹkan kan. Ní ogún mítà, lórí ẹran tí kò tó ìkúùkù, òun ni ó ń pinnu bóyá ọta yóò bà tàbí kò ní bà.

Ohun tí mo bá pàdé nínú oko nìyẹn gan-an. Tí mo bá fi awò náà sí 16, kùrukùru ni mo ń rí. Tí mo bá fà á wálẹ̀ sí 4, mo ń rí ẹ̀ka, mo ń rí ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àmì náà kò dúró lójú kan. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú kò tó. Gíláàsì iwájú tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 50 dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ pín 50 sí ọ̀nà 16, ẹ óò rí i pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde wá bá ẹyinjú kò fẹ̀ ju mìlímítà 3 àti díẹ̀ lọ, nígbà tí ọmọlójú ẹni tí ó wà lábẹ́ òjìji igi ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ sí i ni a ń jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú sí i. Lẹ́yìn náà ni àmì àgbélébùú inú rẹ̀ yí pátápátá, tí ìlà tí ó yẹ kí ó nàró wá dà sí ẹ̀gbẹ́, ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Adó.

Ibi tí mo dé nígbà tí ọmọ náà fi ní kí n lọ tọ́jú ojú mi nìyẹn. Mo béèrè ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù; ó ní Màdáàmù kò sí nílé. Mo ní kí ó pè é lórí fóònù. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà. Mo ní ọjà tí mo béèrè kọ́ ni wọ́n tà fún mi. Ó ní n kò béèrè nǹkan kan. Ohùn mi ti ń lọ sókè nígbà yẹn, n kò sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ọmọ ẹni tí mo kọ́ níwèé ni.

Bàbá kan tí ó ń tún ẹ̀rọ ìfínkòkó ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni ó gbọ́ ariwo wa. Ó jáde wá, ó ń nu ọwọ́ nù, ó kí mi, ó sì béèrè irú ìbọn tí mo ń lò. Nígbà tí mo sọ fún un, ó mi orí. “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Ó fi àpò iyanrìn kékeré kan sórí káńtà, ó tẹ awò náà sí i títí tí kò fi lè mira, ó kọjú rẹ̀ sí páálí kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé, ó sì pe ọmọ náà.

“Má fọwọ́ kàn án o. Wo inú rẹ̀. Gbé orí rẹ sókè díẹ̀. Gbé e wálẹ̀. Kí lo rí?”

“Ó ń rìn, Bàbá.”

“Kí ló ń rìn?”

“Àmì yẹn.”

“Ṣé ojú Tíṣà lo fi wò ó ni?”

N kò lè sọ bí inú mi ti dùn tó. Kò tán síbẹ̀. Bàbá béèrè ìwé tí mo kọ. Ọmọ náà ní òun kò mọ ibi tí ó wà. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó fà á yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìṣírò, tí ẹnìkan ti kọ nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kà á sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹni kankan kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó wá ṣàlàyé ìdí tí àmì náà fi yí. Ìbọn ẹlẹ́tù máa ń ta padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn nìkan sì ni ọ̀pọ̀ awò ti múra sílẹ̀ fún. Ìbọn onísípíríǹgì yàtọ̀. Bí sípíríǹgì bá ṣe ń ta písítìnnì, irin tí ó ń ti afẹ́fẹ́ inú ìbọn, lọ síwájú, ìbọn yóò kọ́kọ́ sún sẹ́yìn. Bí písítìnnì bá sì ti kan afẹ́fẹ́ tí ó fún pọ̀ níwájú rẹ̀, ìbọn yóò já padà síwájú lójijì. Àwọn gíláàsì inú awò tí a kò dì mú fún irú já-síwájú yẹn yóò tú díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni ó fi ṣeé ṣe kí awò tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìbọn ńlá bàjẹ́ lórí ìbọn tí àwọn ènìyàn rò pé ọmọdé ló ń lò ó.

Màdáàmù tí kò sí nílé gbé fóònù nígbà tí Bàbá pè é. Wọ́n gbà láti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí Bàbá yàn fún mi kéré, ó sì dín lówó: 3-9x40, tí òrùka kan wà ní iwájú rẹ̀ tí a lè yí láti tò ó fún yáàdì 10 títí lọ sókè, tí ilé iṣẹ́ sì kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀ pé ó lè fara da ìbọn onísípíríǹgì. Ó yan irin ìdè rẹ̀ pẹ̀lú: ti ojú ìlà mìlímítà 11 tí ó wà lórí ìbọn mi, tí ìṣó kékeré kan yọ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti wọ inú ihò tí ó wà lórí ìbọn, kí awò má baà máa wọ́ sẹ́yìn nígbà tí ìbọn bá ń já. Ó ní kí n di awò náà sí ibi tí gbogbo àwòrán rẹ̀ yóò ti kún láìsí òjìji dúdú létí, tí àyè ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin yóò sì wà láàárín rẹ̀ àti ojú mi.

Ohun kan tí ọmọ náà sọ nígbà tí mo ń lọ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò ràn mí lọ́wọ́: pé tí n bá yí kókó orí awò, èyí tí a fi ń tún ibi tí ọta yóò bà tò, títí tí ó fi ró kẹ́-kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọta yóò sún ínṣì kan. Ní ọgọ́rùn-ún yáàdì ni. Ní yáàdì 25, ó gbọ́dọ̀ ró nígbà 16 kí ó tó sún ínṣì kan náà. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé kókó náà ti kú. Bákan náà, orí ẹnu ìbọn ni awò jókòó sí, kì í ṣe inú rẹ̀, nítorí náà tí a bá tò ó kí ọta máa bá àmì mu ní yáàdì 25, ọta yóò bà sí ìsàlẹ̀ àmì ní yáàdì 10, ìyẹn kì í ṣe àrùn.

Awò náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó dára. Mo máa ń fi sí 4 tàbí 5 lábẹ́ igi, mo sì ń rí irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́. Tí mo bá ti yí òrùka iwájú dé ibi tí ó yẹ, orí mi lè mira, àmì náà kì í kúrò níbi tí mo fi sí. Ìrì òwúrọ̀ Ìkẹ́rẹ́, tí ó máa ń bo òkè Olósùnta mọ́lẹ̀, kò tíì dá kùrukùru sínú rẹ̀, nítorí pé nitrogen, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí kò ní omi nínú, ni wọ́n rọ sínú rẹ̀ dípò afẹ́fẹ́ lásán. Àléébù rẹ̀ ni pé òrùka iwájú náà le láti yí, ẹni tí ó bá fẹ́ yí i gbọ́dọ̀ na apá rẹ̀ síwájú, ọ̀kẹ́rẹ́ kì í sì dúró de irú ìyẹn. Nọ́ńbà ara òrùka náà kò sì péye, èmi ni mo fi ohun ìkọ̀wé funfun fa ìlà tèmi sí i lẹ́yìn tí mo fi okùn wọn ilẹ̀. Ìdérí rọ́bà rẹ̀ kò wúlò rárá.

Inú mi ì bá dùn dé òpin bí kì í bá ṣe ti owó. Awò kejì dín lówó ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọn kò sì dá ìyókù owó mi padà. Wọ́n ní àwọn yóò fi ọta dí i. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ó sì kí mi pé ó dàbọ̀, Dádì. Mo dé ilé kí n tó rí i pé ọta mìlímítà 5.5 ni gbogbo wọn, ìbọn mi sì jẹ́ 4.5. Agolo tí ó pọ̀ ni, wọ́n ṣì wà lórí àga nínú yàrá mi. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní Màdáàmù kò sí nílé.

Mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ Sátidé, nítorí Bàbá kì í wá ní ọjọ́ náà, ẹ sì mú ìbọn yín tàbí nọ́ńbà ọta rẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n di nǹkan kan fún yín.