Bọ́ọ̀tì, àbí kí n tẹ̀lé háṣítáàgì fúnra mi?

Ọ̀nà méjì ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ tó bá ní #Abuja nínú lórí Mastodon, ìkànnì àjọlò tó pín sórí ọ̀pọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkáǹtì àwọn èèyàn. Mo lè tẹ̀lé háṣítáàgì náà fúnra mi, ẹ̀yà 4.0 tó jáde ní 2022 ló mú un wá. Ó rọrùn. Ṣùgbọ́n sáfà kékeré ni tiwa, àwa Yorùbá mélòó kan ní Kubwa, ohun tó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ sáfà wa nìkan ló lè fi hàn mí. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, àwòrán Zuma Rock kan ṣoṣo ni mo rí. Èmi náà ni mo sì fi í síbẹ̀!

Ọ̀nà kejì ni bọ́ọ̀tì, ìyẹn àkáǹtì tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Orí sáfà ńlá ló jókòó sí ní tirẹ̀. Ohun tó bá rí tó ní háṣítáàgì yẹn, á tún un pín, ẹni tó bá sì ń tẹ̀lé e láàárín wa á rí i gbà. Àmọ́ kì í ṣa ọ̀rọ̀. Láàárọ̀ àná, ìpolówó ilẹ̀ Lugbe kan náà ló pín láti ọwọ́ àkáǹtì mẹ́rin, kí n tó kan ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya tí mo ń wá.

Síbẹ̀, bọ́ọ̀tì ni mo mú, aláriwo ni o. Mo ti fi í sínú lísìtì ọ̀tọ̀.