Prodiamine 65WG lórí koríko Bermuda: eéran ò hù mọ́, gbági ṣì ń hù

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Gbági ló jẹ àwọn méjì yòókù.

Iṣẹ́ oògùn apakoríko yìí ni kó má jẹ́ kí irúgbìn èpò bí eéran àti gbági hù láàárín Bermuda, koríko tí wọ́n ń gbìn sí pápá. Èyí tó bá ti hù kò kàn án. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí òtútù ti ń mú, ẹ ti gbọ́dọ̀ fín in kí ilẹ̀ tó móoru dé 13°C. Gíráàmù 18 nínú omi lítà 8 tó fún mítà mẹ́wàá níbùú-lóòró. Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ po ó nínú ike kẹ́ ẹ tó dà á sí tánkì, kẹ́ ẹ sì máa mi tánkì léraléra. Kì í yọ́ sómi, ńṣe ló ń sìlẹ̀, bó bá sì ti sìlẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń fín in dí nìyẹn. Ẹ wá bomi rin pápá náà, kó wọlẹ̀ tó mìlímítà 12. Ó máa ń pa bàtà láró bí ata ilẹ̀ pupa, ẹ wọ èyí tẹ́ ò náání.

Eéran ò lè dúró níwájú ẹ̀ rárá. Gbági lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ìdí ẹ̀ funfun. Láti 1973 ni wọ́n ti rí i lóko òwú ní South Carolina pé trifluralin, ọmọ ìyá prodiamine, ò ràn án mọ́. Tubulin, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín sí méjì, ni oògùn yìí ń dì mú; ti gbági yìí ti yí padà níbì kan ṣoṣo, oògùn ò rí ibi dì mú mọ́. Ẹ má sáré lọ ra pendimethalin o, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Kẹ́ ẹ tó dá oògùn lẹ́bi, ẹ wo bí koríko ṣe hù. Bó bá hù ní ìlà gbọọrọ, ẹni tó fín in ló fo ibẹ̀. Bó bá jẹ́ gbági nìkan ló hù káàkiri tí eéran ò sí láàárín wọn, ẹ fa ọmọ rẹ̀ kan tu. Èyí tí oògùn ràn, ṣóńṣó gbòǹgbò ẹ̀ á wú bí orí kùmọ̀, kò ní lẹ́ka. Bí gbòǹgbò bá gùn, tó funfun, tó yọ ẹ̀ka wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, owó yín ti wọ gbó.

Oxadiazon oníhóró ló yẹ kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ìgbà tí ewé bá gbẹ ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn, torí ó máa ń jó ewé tútù. Indaziflam náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lórí Bermuda tó ti fìdí múlẹ̀ nìkan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fọwọ́ tu ú kó tó so, kẹ́ ẹ sì fọ abẹ́ ẹ̀rọ ìgékoríko kó tó wọ pápá mìíràn.