Pendimethalin lóko ẹ̀wà mi: ó borí gbégi, kò borí dáńdá

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí léèrè pendimethalin, oògùn apakoríko aláwọ̀ yẹ́lò tí mo fín sóko ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé.

Kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lé mi débẹ̀. Lọ́dún 2023, ẹnì kan tó ń ta kẹ́míkà ní Kàbà gbé atrazine, oògùn apakoríko mìíràn, lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ẹ ṣáà ti fín in kí ẹ̀wà tó hù." Ẹ̀wà hù lóòótọ́. Nígbà tó yá, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó gbẹ wá sí àárín. Àṣé oògùn koríko inú oko àgbàdo ni! (NAFDAC ti wá fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àmọ́ ẹ ṣì máa ka ara ike kí ẹ tó sanwó.)

Pendimethalin 330 EC ni mo rà lọ́dún tó kọjá. Ìparí oṣù kẹjọ la gbin éékà kan lẹ́yìn ìlú Ìyàrá, kó lè gbó nígbà tí òjò bá ń lọ. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀ rin dáadáa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Akọ́wé, gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn: omi lítà 16, oògùn mìlí 300. Ẹ̀kún ẹ̀rọ márùn-ún ló yẹ kó kárí oko. Tí wọ́n bá dà á sómi, á dà bí ẹyin tí wọ́n pò. Mo fọwọ́ lásán kàn án, ọjọ́ mẹ́rin ni yẹ́lò náà fi wà lábẹ́ èékánná mi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹ̀rọ kẹrin ló tán tí wọ́n pè é sí ìsìnkú kan ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé. "Ìyàwó wa, mò ń bọ̀ lọ́la." Ọjọ́ kẹrin ló dé! Koríko ti yọrí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn yìí kì í pa èyí tó ti yọrí. Òkè ilẹ̀ ló ń lúgọ sí de èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hù.

Ibi tó fín lásìkò, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni ilẹ̀ fi mọ́. Gbégi ò yọjú, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ò yọjú. Apá tó fín lẹ́yìn ìsìnkú ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ọkọ́ wọbẹ̀.

Dáńdá ò tilẹ̀ mọ̀ pé a fín nǹkan. Gòdògbó náà rẹ́rìn-ín sí wa. Fún ẹ̀kan, mo padà wá ra haloxyfop, tó jẹ́ pé àwọn koríko bí ẹ̀kan nìkan ló ń pa, kò fọwọ́ kan ẹ̀wà. Gbogbo èyí tó kù, ọkọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré níbi tó fín lásìkò, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ẹni tó bá rò pé òun á fín in kóun sì lọ jókòó, kó má wulẹ̀ náwó.

Kòkòrò tó jẹ òdòdó mi, ẹjọ́ ìyẹn kì í ṣe ti oògùn yìí.

Owó lítà kan ààbọ̀ tí mo lò kò tó owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe méjì. Màá tún rà á. Mo sì ti sọ fún Akọ́wé: lọ́dún yìí, òkú á dúró de ẹ̀rọ karùn-ún.